Ọkọ̀ Tí Kò Ní Gbé Èrò

Kalpohin, Tamale
9 Oṣù Kejì, 2025

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ lọ sí ìsìn Ọjọ́rú? Ṣé Súnkànmí ti pààrọ̀ bátìrì sólà yẹn fún yín, àbí "ó kù díẹ̀" ló ṣì ń sọ? Tó bá ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Àbúrò mi ni, mo mọ bí mo ṣe máa bá a sọ ọ́.

Ẹ ní ẹ ò fẹ́ bá mi sọ ọ̀rọ̀ gidi lórí fóònù mọ́, pé mò ń gé yín lẹ́nu, pé mò ń dá yín lóhùn bí ìgbà tí mò ń bá dírẹ́bà wí nílé ìkẹ́rùsí. Mo ti gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Màá ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, màá fi ránṣẹ́ sí Súnkànmí, á sì tẹ̀ ẹ́ jáde gàdàgbà fún yín. Tiyín náà, kó yà á, kó fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Èmi àti Babáfẹ́mi fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi. Kékeré ni, ẹlẹ́ńjìnnì, ìjókòó márùn-ún. Odò Volta ń kọjá ní Yapei, kò jìnnà sí wa, ọ̀dà ló wà lójú ọ̀nà dé ibẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Anwar, tí ilé rẹ̀ wà létí odò, ti gbà láti máa bá wa ṣọ́ ọ.

Oríṣi mẹ́ta ni mo ti yẹ̀ wò. Nordsund, fáíbà ni ara rẹ̀, ó dán, ìjókòó rẹ̀ rọ̀ bíi ti mọ́tò ọ̀gá àgbà. Àmọ́ ìdí rẹ̀ jìn, omi tó jìn ló fẹ́, odò tiwa sì máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn títí iyanrìn á fi yọ láàárín. Lakeman, alumíníọ̀mù ni. Kò lẹ́wà rárá, ó dà bí abọ́ ìfọṣọ, ṣùgbọ́n tó bá kọlu kùkùté igi, títẹ̀ ló máa tẹ̀, kò ní fọ́, àwọn tó ń jó irin ní Tamale níbí sì lè tún un ṣe. Kùkùté pọ̀ nísàlẹ̀ odò yẹn, àwọn igi tí omi bò mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n sé e. Ìkẹta ni Bahari, Dubai ló ti ń wá. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó lè sọ fún mi ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀ ní gbogbo Ghana.

Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì: agbára ẹ́ńjìnnì, epo tó ń jẹ, ẹ̀yà ara, àti bó ṣe máa rọrùn tó láti tà bí a bá fẹ́ tà á. Lakeman ló gbà jù. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ mi, ẹni méjì ló ń fọwọ́ sí ohun ńlá kí a tó rà á. Mo bi Babáfẹ́mi, ó ní èyí tó bá wù mí ni kí n mú. Ìyẹn kì í ṣe èsì. Torí náà ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó fọwọ́ sí i. Nordsund tàbí Lakeman? Oníṣòwò tó wà ní Tema kò ní dá a dúró dè mí kọjá ìparí oṣù Kẹta.

Babáfẹ́mi kí yín.

Ọmọ yín,
Dára

Ògbómọ̀ṣọ́
23 Oṣù Kejì, 2025

Àbẹ̀kẹ́ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìtọ́jú ilé. Orúnkún ń ṣe dáadáa ju bátìrì lọ. Súnkànmí ní kó o má pe òun, òun ti rí ẹni tó máa bá òun gbé e wá.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún ní kí ẹ̀gbọ́n mi Ọláìtán wá gbọ́ ọ. Inú wa dùn. Mo ti ń ronú pé iṣẹ́ oṣù nìkan ni ẹ̀yin méjèèjì gbójú lé lórí ilẹ̀ àjèjì, láìmọ̀ pé o ti ń wo ọ̀nà mìíràn. Ọkọ̀ ojú omi. Bí ọkọ̀ orí ilẹ̀ bá ń mówó wọlé, tí kò sí gòsíló àti ọlọ́pàá lórí omi, mélòó ni ti omi máa jẹ́? Ọ̀rọ̀ Ọláìtán nìyẹn o. Mo ti sọ ọ́ níbi ìsìn Ọjọ́rú, wọ́n sì gbàdúrà sí i fínnífínní.

Nísinsìnyí, ìmọ̀ràn wa. Èrò márùn-ún ti kéré jù. Ṣé kò sí elérò méjìlá? Èkejì, má fi àlejò sídìí ọkọ̀ rẹ. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ fún ènìyàn, o mọ ohun tí wọ́n ń fi ojú ọlọ́kọ̀ rí. Ọláìtán ní kí Àjàyí ọmọ òun wá máa wà á fún ọ. Mo ní ṣé ọmọ tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Ìlọrin ló máa wa ọkọ̀ ojú omi? Àjàyí fúnra rẹ̀ dáhùn, ó ní, "Ìyá, stíárín ni stíárín." A rẹ́rìn-ín títí. Ó ti dá bọ́ọ̀sì padà fún olówó rẹ̀. Kí o fi ọjọ́ tó máa wá ránṣẹ́.

Ní ti Nordsund àti ìkejì rẹ̀, èyí tó bá le ni kí o rà. Èrò kì í wo ẹwà.

Nǹkan kan ṣì wà tí mo fẹ́ bi ọ́, o sì mọ̀ ọ́n. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí ẹ ti ṣègbéyàwó. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Babáfẹ́mi, kí o sì bi í ìdí tí kò fi pè mí láti ọjọ́ yìí.

Èmi ni màmá rẹ

Tamale
24 Oṣù Kejì, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú àárọ̀, mà. Mo rí lẹ́tà yín lánàá, mò ń fèsì lónìí, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè bá mi rán ẹnì kan sí Bọ̀ọ̀dá Àjàyí kó lọ gba bọ́ọ̀sì rẹ̀ padà lónìí, kí olówó rẹ̀ tó gbé e fún ẹlòmíràn. Ọkọ̀ yìí kò ní gbé èrò. Kò ní gbé ẹja. Kò ní gbé àpò sìmẹ́ńtì. Mi ò sọ níbì kankan nínú lẹ́tà mi pé òwò ni. Èmi àti Babáfẹ́mi la máa jókòó sínú rẹ̀ ní Sátidé, a ó lọ sórí omi, a ó padà. Ó tán.

Mo mọ̀ pé ẹ ti sọ ọ́ ní ìjọ. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti rí àlàyé sí i.

Èsì tí mo fẹ́ kò yí padà. Fáíbà tàbí alumíníọ̀mù? Oníṣòwò náà tún pè mí ní àárọ̀ yìí.

Babáfẹ́mi wà dáadáa. Iṣẹ́ ló pọ̀ fún un, òpó tẹlifóònù tó ń bójú tó ti dé Bolgatanga. Ìyẹn ni kò fi pè.

Dára

Ògbómọ̀ṣọ́
16 Oṣù Kẹta, 2025

Dára,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Mo mọ̀ pé o ti ń ka ọjọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe olùkọ́, n kì í gé máàkì nígbà tí inú bá ń bí mi.

Bọ́ọ̀sì Àjàyí ti lọ. Ọmọkùnrin kan láti Ìkòyí-Ilé ni wọ́n gbé e fún. Àjàyí wà nílé bàbá rẹ̀, ó ń fọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ọláìtán kò tíì wọ ilé mi láti ọjọ́ náà. Tí mo bá kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ní, "A dúpẹ́," á kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, tó fi mí fún bàbá rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi.

Mo gbà pé o kò pè é ní òwò. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ bí mo ṣe máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Ọkọ̀ tí kò gbé èrò, tí kò gbé ẹja, kí ló ń gbé? Ìgbádùn? Mi ò ní kí o má gbádùn. Ìwọ ló ṣiṣẹ́, ìwọ ló lọ sí yunifásítì, ìwọ ló ni owó. Ṣùgbọ́n mo wo àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sí Súnkànmí, mo ka ìjókòó inú rẹ̀. Márùn-ún. Ìwọ kan, ọkọ rẹ kan. Ta ló ni mẹ́ta tó kù?

Àwọn tẹ́ ẹ jọ ṣègbéyàwó lọ́dún yẹn ti ń mú ọmọ lọ sí ilé ìwé. Àwọn kan ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọkọ rẹ ni tàbí ìwọ. Mo ń dá wọn lóhùn, ó sì ti ń rẹ̀ mí. Ẹni tí kò tíì ní ohun tó ń gbé sẹ́yìn, mi ò rò pé orí omi ló yẹ kó máa lọ ní Sátidé.

Alhaja Mardiyah ń bọ̀ wá sí Tamale lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá kó ọjà rẹ̀. Mo ti fi ẹrù díẹ̀ rán an sí yín. Orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ni mo kọ sí i. Nígbà tí ẹ bá tú u, ẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ, mi ò ní láti kọ ọ́.

Màmá rẹ

Tamale
17 Oṣù Kẹta, 2025

Màmá,

Ẹ kú iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà ni ìjókòó rẹ̀ ṣe jẹ́ márùn-ún. Èmi kọ́ ni mo kà á sínú rẹ̀. Wọn kì í ta ẹlẹ́ni méjì.

Ó dùn mí nípa Bọ̀ọ̀dá Àjàyí, ṣùgbọ́n ẹni tó dá bọ́ọ̀sì padà kó tó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, kì í ṣe èmi ni mo lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Màá wo ohun tí mo lè ṣe.

Àwọn tó ń bi yín léèrè, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n bi mí.

Mo ti ní kí oníṣòwò fún mi ní oṣù kan sí i. Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ lẹ́nu yín. Nordsund. Lakeman. Ẹ mú ọ̀kan.

Dára

Tamale
6 Oṣù Kẹrin, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi. Ooru ibí yìí ti le débi pé orí sìmẹ́ńtì ni mo ń sùn, iná sì ń lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ eléyìí títí dé ìparí kí n tó rò ó.

Alhaja Mardiyah gbé ẹrù yín dé. Mo wà níbi iṣẹ́. Babáfẹ́mi ló gbà á, nítorí pé orúkọ tirẹ̀ náà wà lára rẹ̀, ó tú u. Nígbà tí mo wọlé, gáàrì àti ẹ̀gúsí wà lórí tábìlì. Ọ̀já tí ẹ fi sínú rẹ̀ wà lórí àga. Ó ti ká a, ó gún régé, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ tà á. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, òun lẹ fi pọ̀n mí nínú fọ́tò tó wà ní pálọ̀. Babáfẹ́mi kò sí nílé. Ó wà lọ́dọ̀ Bashiru, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ibi iṣẹ́, ní Kakpagyili, kò sì tíì padà. Tí mo bá pè é, á gbé e. Á ní òun wà dáadáa. Á ní kí n jẹun.

Màmá, mo lóyún lọ́dún tó kọjá. Ó wọ oṣù keje. Oṣù Kẹsàn-án ni mo bí i, ní ọsibítù níbí. Ọkùnrin ni. Kò ké.

Ẹ máa bi mí ìdí tí ẹ ò fi mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ẹ pè mí sí yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ ní, "Tí o bá lóyún, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti dé." Ẹ mọ̀ mí. Tí wọ́n bá fún mi ní àṣẹ, mò ń tẹ̀ lé e. Gbogbo ìgbà tí a rí ara wa lórí fóònù, ojú mi nìkan ni mò ń jẹ́ kí ẹ rí. Nígbà tí kò wá sí ẹni tó máa fi ẹnu sọ ọ́, mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ pé nǹkan tí ẹ ò mọ̀ pé ó wà kò sí mọ́?

Bàbá Adéolú, alàgbà ìjọ wa, tí wọ́n bí sí ibí, àti àwọn àgbà méjì ló wá gbé e. Wọ́n ní òbí kì í tẹ̀ lé e. Wọn ò sọ ibi tí wọ́n ń lọ. A ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Babáfẹ́mi dúró sẹ́nu géètì títí mọ́tò fi lọ, ó ṣì dúró lẹ́yìn ìyẹn.

Èmi, mo ṣètò. Mo sanwó ọsibítù, mo dá ibùsùn ọmọ padà fún ẹni tó tà á fún wa, mo kó àwọn aṣọ fún ìyàwó kan ní Gurugu, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo ṣe tán, mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí i pé ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń dáhùn o. Tí mo bá ní ṣé ó jẹun, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀.

Nínú oṣù Kejìlá, ilé iṣẹ́ wa kó wa lọ sí Akosombo fún ìsinmi. Wọ́n fi ọkọ̀ kékeré gbé èmi àti òun jáde. Ní àárín omi, awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì kí a lè wo òkè. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Babáfẹ́mi kò wò mí. Ó ní, "Ṣé wọ́n jẹ́ kó o gbé e?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ta ló jọ?" Mo sọ fún un. A sọ̀rọ̀ títí awakọ̀ fi tún ẹ́ńjìnnì tan. Nígbà tí a dé etí omi, ó tán. Kò tíì sọ ọ́ mọ́ láti ìgbà náà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ra ọkọ̀. Òwò kọ́, fàájì náà kọ́. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè rà.

Dára

Tamale
21 Oṣù Kẹrin, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde.

Súnkànmí ti ṣí fọ́tò náà, mo rí àmì rẹ̀ lórí fóònù mi. Mo pè é, ó ní òun ti gbé e fún yín.

Mi ò béèrè nípa ọkọ̀ lónìí. Tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Ẹ má dákẹ́. Ẹnì kan ti ń dákẹ́ sí mi tẹ́lẹ̀.

Dára

Ògbómọ̀ṣọ́
4 Oṣù Karùn-ún, 2025

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ mi,

O kú ọ̀fọ̀. O kú ọ̀fọ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ó pẹ́ kí n tó kí ọ, ẹ̀bi ìwọ kọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ fún ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ obìnrin ní ìlú yìí, mo sì rò pé mò ń tù wọ́n nínú. Mi ò ní sọ ọ́ fún ọ.

Nígbà tí Súnkànmí gbé lẹ́tà náà wá, kò fi lé mi lọ́wọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú. Mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ kí n tó wọ jígí mi. Láti ìgbà náà mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo ya á, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan, ṣe ni mò ń bínú sí ọ. Mo ní, oṣù méje, tí mo sì ń rí ojú ọmọ mi lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Nígbà tó yá, mo rántí yàrá yẹn. Mo rántí pé èmi ni mo ti ilẹ̀kùn. Màmá tèmi náà ló sọ ọ́ fún mi, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n Dára, nígbà tí mo ní má sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò mọ̀ pé èmi náà wà lára wọn.

Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ta ló ni ìjókòó mẹ́ta tó kù. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Mi ò lè pa á rẹ́, ó wà lọ́dọ̀ rẹ. Dárí jì mí.

Ó yẹ kí n ti fura. Ìwọ tí o kò bi mí léèrè kí o tó yan yunifásítì, tí o kò bi mí kí o tó kó lọ sí Ghana, ìwọ ló wá ń bi mí fáíbà tàbí alumíníọ̀mù. Èmi tí mi ò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé mi.

Mo pe Babáfẹ́mi. O mọ̀ pé mo kórìíra fóònù, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò ní yá tó. Mo ní, "Babáfẹ́mi, ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ." Kò dáhùn. Mo wá rò ó pé bóyá kò tíì sí ẹni tó kí i bẹ́ẹ̀ rí. Ta ni ì bá kí i, nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ẹbí? Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mi ò gé e. Ó wá ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ọ̀já yẹn, má dá a padà, má sì fún ẹnikẹ́ni ní Gurugu. Nígbà tí mo rán an, mo rán an nítorí èyí tó ń bọ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ti wá. Ti ẹni tó wá ni o. Fi pamọ́ fún un.

Ní ti ọkọ̀. Mo ka àwọn máàkì rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. O fún ẹ́ńjìnnì ní máàkì, o fún epo ní máàkì, o fún títà ní máàkì. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí o sọ fún mi, ìgbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì ni ọkọ rẹ sọ̀rọ̀. Èwo nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dákẹ́ jù nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́? Mi ò mọ̀ ọ́n. Lọ gbọ́ ọ fúnra rẹ, kí o sì mú un dání lọ gbọ́ ọ. Tó bá sì dórí omi, tí kò sọ̀rọ̀, má ṣe bá a ṣètò rẹ̀. Jókòó.

Ìjókòó kan nínú mẹ́ta yẹn, tèmi ni. Omi ń bà mí lẹ́rù. Màá wá.

Màmá rẹ

Tamale
22 Oṣù Kẹfà, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú òjò, ẹ kú ìfojúsọ́nà. Mo mọ̀ pé ó pẹ́. Èmi náà ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń pẹ́.

Babáfẹ́mi bá mi lọ sí Tema. Kò sọ nǹkan kan títí a fi kọjá Kintampo, níbi tó ti ní kí n ra omi. Mo ní kí oníṣòwò gbé àwọn ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí omi, kó pa ẹ́ńjìnnì wọn. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ní, "Màdámù, bó ṣe ń sáré tó ni àwọn ènìyàn máa ń béèrè." A wọ Lakeman. Omi kékeré tó ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí lu páànù. Bahari kò dúró sójú kan, ó ń yí wa káàkiri. A wọ Nordsund, ẹ́ńjìnnì kú, a sì ń gbọ́ ọkùnrin kan tó ń dúnàádúrà ẹja lókèèrè. Babáfẹ́mi gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó ní, "Èyí ni."

Òun la rà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, orí ilẹ̀ ló máa wà, nítorí ìdí rẹ̀ jìn. Tí ẹnì kan bá gbé irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ wá sórí tábìlì mi níbi iṣẹ́, màá dá a padà.

Bọ̀ọ̀dá Àjàyí ló wọ́ ọ wá láti Tema. Mo ti bá a rí iṣẹ́ dírẹ́bà ní ilé iṣẹ́ wa, Kalpohin níbí ló ń gbé. Ó fi trélà náà gba ojú ọ̀nà tóóró Yapei bí ẹni ń rìn lọ sílé, ó bọ́ sílẹ̀, ó ní kí n bá òun sọ fún Ìyá pé stíárín ni stíárín. Ó ní bàbá òun máa wá kí yín.

Babáfẹ́mi ti padà sílé. Yàrá àlejò ló ń sùn. Mi ò ní parọ́ fún yín.

Sátidé àkọ́kọ́, mo pa ẹ́ńjìnnì ní àárín odò, mo dúró. Kò sọ̀rọ̀. Mo ti fẹ́ la ẹnu, mo rántí ohun tí ẹ kọ, mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. A padà. Sátidé kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo sunkún nínú mọ́tò, kò bi mí ìdí, ṣùgbọ́n ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, òun ló wà wá délé. Lánàá, omi ti kún díẹ̀, Babáfẹ́mi ní òun ti lọ bá Bàbá Adéolú. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́ kó fi ibi tí wọ́n gbé ọmọ wa sí han òun, bàbá náà kọ̀. Ó ní, "My son, mi ò lè ṣe é." Ṣùgbọ́n ó sọ fún un pé igi wà níbẹ̀, pé ibòji rẹ̀ dára, pé òun fúnra òun máa ń lọ gbá abẹ́ rẹ̀. Babáfẹ́mi sọ ọ́ fún mi, ó ní, "Dára, ó máa ń lọ gbá a." Ó tún un sọ. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, Anwar sì ti ń fi tọ́ọ̀ṣì wá wa létí odò.

Ẹ̀wù ìléfòó mẹ́ta, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, la rà. Orúkọ yín wà lára ọ̀kan. Ẹ mú Súnkànmí dání tí ẹ bá ń bọ̀, kó gbé báàgì yín, kí ẹ má sì jẹ́ kó sọ pé ó kù díẹ̀.

Ó ku ohun kan. Gbogbo ọkọ̀ tó wà ní Yapei ló ní ohun tí wọ́n kọ sí i lára, orúkọ ọlọ́kọ̀ tàbí orúkọ Ọlọ́run. Ọkùnrin tó ń kùn wọ́n wá bá wa pẹ̀lú bọ́rọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó bi wá kí ni kóun kọ sí tiwa. Babáfẹ́mi ní kó kun àyè náà ní funfun, kó má kọ nǹkan kan sí i. Ọkùnrin náà ní ṣé àwa á padà wá kọ ọ́ ni? Babáfẹ́mi ní rárá, kó kàn fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.

Ó kun ún. Ó ti gbẹ.

Ọmọ yín,
Dára